Ohun Tí Ọwọ́ Lè Sọ Nípa Ẹni Tó Ni Ín

Kí téèpù àwọn télọ̀ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ara ènìyàn ni a fi ń wọn nǹkan. Ìka ni a fi ń wọn ohun tí ó kéré, ìbú àtẹ́lẹwọ́ ni a fi ń wọn èyí tí ó jù ú lọ, láti ìgúnpá dé ṣóńṣó ìka àárín ni a ń pè ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń wọn ilẹ̀. Nígbà tí àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, dé ibi ìtàn Gòláyátì, wọn kò ní láti wá ọ̀rọ̀ kiri. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà àti díẹ̀ lé ni òmìrán náà ga. Ọwọ́ ni a fi sọ gíga ènìyàn níbẹ̀, etí wa kò sì kọ̀ ọ́, nítorí pé ó ti mọ́ wa lára láti máa rí ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n.

Àwọn àgbà wa tún ní òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ láàárín tọmọdé tàgbà ni a fi òwe yìí ń sọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n méjì ni ó wà nínú rẹ̀, gígùn àti fífẹ̀. Ẹni tí ó pa á ti kíyè sí i pé bí ara bá ṣe ń ga sí i ni ọwọ́ ń tóbi sí i, àti pé ẹni tí ó bá rí ọwọ́ lè gbèrò irú ẹni tó ni ín.

Bí a bá wá rí ọwọ́ kan ṣoṣo ńkọ́, tí a kò rí ẹni tó ni ín? Ǹjẹ́ a lè sọ bí ẹni náà ti ga tó? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlọ́. Àwọn dókítà tí ń yẹ òkú wò, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn adájọ́ ni ó máa ń dojú kọ, nígbà tí iná, omi, ọkọ̀ òfurufú tó já tàbí ìwà ìkà bá ti sọ ara ènìyàn di ẹ̀yà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìmọ̀ tí a fi ń dáhùn ìbéèrè náà ní ìtàn, pé ìtàn náà kan àwa tí ilé wa wà ní àríwá Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, àti pé ọwọ́ kì í sọ òtítọ́ fún ẹni tí kò bá mọ irú àwùjọ tí ọwọ́ náà ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí ó kú tí a kò mọ̀ ọ́n kò tíì sinmi. Ó yẹ kí òkú ní ilé tí a ó gbé e wọ̀, ìdílé tí yóò ki oríkì rẹ̀, àti ọmọ tí yóò da erùpẹ̀ sí ibojì rẹ̀. Bí ìwọ̀nyí kò bá sí, ìyàwó kò mọ̀ bóyá opó ni òun, ọmọ kò mọ̀ bóyá kí òun gba ogún tàbí kí òun máa fi ojú sọ́nà. Ìyà tí ń jẹ àwọn tó kù láyé pọ̀ ju èyí tí ó jẹ òkú lọ.

Agbègbè wa mọ irú ìyà yìí dáadáa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà láti àríwá àti ogun Ìbàdàn láti ìwọ̀-oòrùn tú ọ̀pọ̀ ìlú ká ní àríwá Èkìtì. Inú rúkèrúdò yìí ni a ti kó àwọn ènìyàn jọ tí Ayédé fi di ìlú olókìkí. Lẹ́yìn náà ni ogun Kírìjì dé, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi dojú kọ Ìbàdàn láti 1877 títí di 1893, nígbà tí wọ́n tú bùdó ká ní àgbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Jagunjagun tí ó bá ṣubú ní ọ̀nà jíjìn kò ṣeé gbé wálé. Àṣà Yorùbá nígbà náà ni pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, kí wọ́n gbé e wá fún àwọn ẹbí, kí àwọn wọ̀nyí sì fi ṣe ètò ìsìnkú bí ẹni pé odidi ara ni ó délé.

Èékánná, ìyẹn ṣóńṣó ọwọ́, ni ó dúró fún odidi ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé èékánná kò sọ orúkọ ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gé e ni ó mọ ẹni tó ni ín, tí ó sì jẹ́rìí sí i lójú ẹbí. Ìṣòro tí sáyẹ́ǹsì òde òní ń gbìyànjú láti yanjú yàtọ̀ sí èyí: ọwọ́ wà nílẹ̀, ẹlẹ́rìí kò sí.

Ẹnì kan lè rò pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa, tí wọ́n mọ bí ẹ̀yà ara ṣe tò, yóò ti fún wa ní ìdáhùn. Àríwá Èkìtì kò ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ọnà. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony, tí wọ́n jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ibẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Àrèògún ará Ọ̀sì, ti gbẹ́ igi. Abẹ́ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbẹ̀yìn, ti kọ́ṣẹ́. Bí a bá wọn ère tí irú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí gbẹ́, a ó rí i pé orí rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀. Orí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò ṣi ìwọ̀n. Iyì ni ó ń wọ̀n. Orí ni ó ṣe pàtàkì jù lójú Yorùbá, nítorí náà ni ó fi tóbi jù.

Ọ̀wọ̀ fi ọ̀nà mìíràn hàn. Wọ́n máa ń gbẹ́ ère tí wọ́n ń pè ní àkó fún òkú ọlọ́lá níbẹ̀, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ olóògbé, wọn a sì rí i dájú pé ó jọ ọ́ dáadáa kí àwọn ará ìlú lè dá a mọ̀. A rí i nígbà náà pé ìwọ̀n méjì ni àwọn baba wa ní, ìwọ̀n iyì àti ìwọ̀n ìjọra. Ìmọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n eegun ni ó gbára lé, kì í ṣe ojú.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú, iyì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Vitruvius, ayàwòrán ilé ará Róòmù ìgbàanì, kọ ọ́ pé láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga ènìyàn. Nọ́ńbà náà dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò tẹ̀ lé e. Ọwọ́ sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ọwọ́ tí a rí gùn ní 19 sẹ̀ǹtímítà. Bí a bá tẹ̀ lé Vitruvius, a ó máa wá ẹni tí ó ga ní 190 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ọkùnrin gàgàrà tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Bí a bá lo ìdá mẹ́sàn-án, 171 ni a ó rí, ìyẹn ọkùnrin bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Àṣìṣe yìí lè mú kí ọlọ́pàá lé ẹbí tí ó ni òkú padà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sọ fún wọn pé, "Ẹni tí ẹ ń wá kò ga tó báyìí."

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìmọ̀ náà kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Alphonse Bertillon, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ọ̀daràn: orí wọn, ìka àárín ọwọ́ òsì wọn, ìgbọ̀nwọ́ òsì, ẹsẹ̀ òsì àti gíga wọn. Ní 1883, ó ti ń fi ìwọ̀n wọ̀nyí mú àwọn tí wọ́n yí orúkọ padà. Bertillon gbà pé ìwọ̀n lè pe ènìyàn ní orúkọ. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ènìyàn méjì lè ní ìwọ̀n kan náà, ọwọ́ ẹni tí ń wọ̀n sì lè yẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá London dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀ ní 1901, ìlànà Bertillon ti ń dìde kúrò lórí àga.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn ti jáde láti inú wíwọn ara. Ní 1888, Francis Galton gbé ìwé kan jáde ní London lórí bí ìwọ̀n ẹ̀yà ara kan ṣe bá ti èkejì tan. Lára àwọn ìwọ̀n tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni gíga àti ìgbọ̀nwọ́ òsì àwọn ọkùnrin bíi 350. Ó rí i pé ìbátan tí ó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 0.8, bí ó bá jẹ́ 1 ni, ẹni tí ó mọ ìgbọ̀nwọ́ yóò mọ gíga láìṣì. Inú ìgbọ̀nwọ́, òṣùwọ̀n tí a fi ka gíga Gòláyátì, ni ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí gbogbo sáyẹ́ǹsì ayé ń lò lónìí ti jáde. Ní 1899, Karl Pearson lo irú ìṣirò yìí láti fi eegun apá àti ẹsẹ̀ sọ gíga òkú. Ìwọ̀n 100 òkú tí Étienne Rollet ti tẹ̀ jáde láti Lyon ní 1888 ni ó gbé e lé. Ní 1978, Musgrave àti Harneja fi hàn pé eegun àtẹ́lẹwọ́ nìkan tó láti fi gbèrò gíga.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ọwọ́ àwọn alààyè ni a ti ń kọ́ tí òkú. A ó pe ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. A ó wọn ọwọ́ wọn láti ìlà ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín, a ó tún wọn gíga wọn láìwọ bàtà, láìsí fìlà tàbí gèlè. A ó kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìṣirò yóò sì fi nọ́ńbà méjì lé wa lọ́wọ́: ọ̀kan tí a ó sọ gígùn ọwọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú, àti èkejì tí a ó fi kún un. Ọwọ́ ọ̀tún lè yàtọ̀ díẹ̀ sí òsì, nítorí náà ni a fi ń wọn méjèèjì. A kì í lo ìlànà àgbàlagbà fún ọmọdé, nítorí pé ọwọ́ àti ìdúró ọmọ kì í dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kò ga tó bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wí mọ́. Iná máa ń sún ọwọ́ kì, omi máa ń wú u. Ẹni tí ó ti fi ọkọ́ kọ ebè fún ọgbọ̀n ọdún ní oko Ìkọ̀lé, tàbí tí ó ti ń gún iyán láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ lè fẹ̀, kí ó sì ki, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í fa eegun àgbàlagbà gùn. Ìdí nìyẹn tí gígùn ọwọ́ fi ṣeé gbára lé ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ìdáhùn tí a rí kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àṣìṣe tí ó máa ń wà nínú irú ìṣirò yìí tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 6. Bí ìṣirò bá sọ 171, tí àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ 5, ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ó dá a lójú gbọ́dọ̀ sọ pé láti 161 dé 181 ni. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin inú ìlú kan ni yóò wà láàárín méjèèjì. Ọwọ́ lè sọ ẹni tí òkú kì í ṣe. Kò lè dá sọ ẹni tí ó jẹ́. Ó lè yọ ènìyàn kúkúrú àti ènìyàn gígùn kúrò lára àwọn tí à ń wá, kí iṣẹ́ tó kù lè rọrùn fún eyín, ìtẹ̀ka àti DNA.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni pé ọwọ́ ta ni a fi ṣe ìlànà náà. Ní 1952, Mildred Trotter àti Goldine Gleser lo eegun àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n kú nínú ogun àgbáyé kejì, pẹ̀lú àwọn òkú mìíràn, wọ́n sì ní láti ṣe ìlànà ọ̀tọ̀ fún aláwọ̀ funfun àti ọ̀tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìlànà tí a rán fún àwùjọ kan kì í bá òmíràn lára mu. Bí oúnjẹ àti ìlera bá yí padà, kódà ìran kan lè ga ju èyí tí ó bí i lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Nàìjíríà fi ń wọn ọwọ́ àwọn ènìyàn wa fúnra wọn, tí àwọn kan sì gbé ìwádìí jáde ní 2013 tí ó fi ọwọ́ Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá wé ara wọn lórí ọ̀ràn yìí gan-an.

Kódà "ọwọ́ Yorùbá" kò tó láti sọ. Ẹni tí ó bá mọ àríwá Èkìtì mọ̀ pé àwọn Ìgbìrà ti ń dáko láàárín wa tipẹ́, pé àwọn Tífì àti Ìgèdè láti Benue ń wá ṣiṣẹ́ oko, àti pé àwọn tí ń sọ èdè Okun jẹ́ aládùúgbò wa. Bí a bá rí òkú ní oko ọ̀nà jíjìn, tí a sì kánjú lo ìlànà "ọmọ ilẹ̀ yìí" fún un, ó lè jẹ́ pé àlejò ni, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń wá a ní ibi tó jìnnà. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni ìka kò dọ́gba.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pẹ̀lú pé téèpù ìwọ̀n kò ní ìtàn mímọ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Galton tí mo yìn lókè yìí kan náà ni ó dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pé kí a máa yan irú ènìyàn tí ó yẹ kí ó bímọ. Láàárín 1909 sí 1913, Northcote Thomas, tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́, rìn káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀dó àti ilẹ̀ Ìgbò, ó ń wọn ara àwọn ènìyàn, ó sì ń ya àwòrán wọn. Ìwọ̀n irú èyí kò dá òkú kankan padà fún ẹbí rẹ̀. Téèpù kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi rán an yàtọ̀. Ohun tí ó lè wẹ ìmọ̀ yìí mọ́ ni pé kí àwọn tí a ń wọ̀n mọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn gbà á, kí èrè rẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ wọn.

Èrè náà kì í ṣe ohun kékeré. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà 2012, ọkọ̀ òfurufú Dana já ní Ìjù-Ìṣágà ní Èkó. Gbogbo àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kú, àwọn mìíràn sì kú nílẹ̀. Iná ba ọ̀pọ̀ ara jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti fi DNA ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a tó lè mọ ẹni tí òkú jẹ́. Ní oṣù kẹta 2014, wọ́n rí egungun àti aṣọ àwọn ènìyàn nínú igbó Sókà ní Ìbàdàn, àwọn tí ènìyàn wọn ti sọnù kò sì mọ ibi tí wọn ìbá tọ̀. Ìjọba Èkó ṣí ilé ìwádìí DNA tirẹ̀ ní 2017. Nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020, wọ́n bà á jẹ́.

Ọ̀ràn mìíràn wà tí ó kàn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹsàn-án 2001, wọ́n rí ara ọmọdékùnrin dúdú kan nínú odò Thames ní London. Kò ní orí, kò ní apá, kò ní ẹsẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́ ní Adam. Nítorí pé kò sí ọwọ́, kò sí ìtẹ̀ka, kò sì sí ìwọ̀n. Eegun tó kù ni wọ́n yẹ̀ wò, ohun tí ó mu láti inú ilẹ̀ tí ó gbé sì tọ́ka sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n sin ín ní London ní 2006 láìní orúkọ ìdílé. Ẹni tí ó gé ọwọ́ ọmọ náà kúrò mọ ohun tí ọwọ́ lè sọ.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Téèpù kò wọ́n bí ẹ̀rọ DNA. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé; Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó. Láàárín ibùdó mẹ́ta yìí, tí kò jìnnà sí ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́, àgbẹ̀, oníṣòwò àti àlejò ni a lè bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí a wọn ọwọ́ àti gíga wọn, kí a sì kọ ibi tí òbí wọn ti wá mọ́ ọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún dókítà tó wà ní mọ́ṣúárì ju ìlànà tí a fi sójà Amẹ́ríkà ṣe lọ.

Apá kan sì kù tí ó jẹ́ ti ẹbí. Bí dókítà bá tilẹ̀ sọ pé òkú yìí ga láti 161 dé 181, ta ni yóò sọ fún un bí ẹni tí a ń wá ti ga tó? Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa, a mọ oríkì baba wa délẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ ọ́ mọ́ ọjọ́ ìbí àti orúkọ àbísọ. Àwọn tí wọ́n gbé èékánná wálé láti ojú ogun Kírìjì ṣe ti wọn, nítorí pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń gbé bọ̀. Tiwa ni pé kí a mọ àwọn ènìyàn wa tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi lè dáhùn nígbà tí ọwọ́ kan bá béèrè wọn lọ́wọ́ wa.